ỌWỌ́ TÍ Ó GBÉ ỌMỌ NÁÀ

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 2:1–10, Orin Dáfídì 130, Mátíù 25:31–46

Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 130:1

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè rí i pé Ọlọ́run a máa lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ láti gba ẹ̀mí ọmọ kan là, kí olúkúlùkù wa sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Èwo ni ipa tèmi?”

ÌFÁÁRÀ

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin wa nínú Olúwa, kò sí ẹnìkan láàrin wa tí kò mọ ìtàn Mósè nínú agbọ̀n. Láti ìgbà tí a ti wà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún un kà lónìí, kí a sì ka iye ọwọ́ tí ó kan ọmọ náà. Àwọn agbẹ̀bí ni ó kọ́kọ́ kọ̀ láti pa àwọn ọmọkùnrin Hébérù. Jókébẹ́dì gbé ọmọ tirẹ̀ pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí kò lè pa á mọ́ mọ́, ó fi ọ̀dà rẹ́ agbọ̀n, ó tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, ó sì gbé e sí etí odò. Míríámù dúró lókèèrè, ó ń ṣọ́ ọ. Ọmọbìnrin Fáráò, ẹni tí bàbá rẹ̀ gan-an ni ó pa àṣẹ ikú, ni ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n náà jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ti Mósè kò sí nínú Bíbélì. Ìtàn ọmọ Júù kan ni, ìran Mósè náà, ó sì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Orúkọ ọmọ náà ni Yisrael Meir Lau. Nígbà tí ó dàgbà, òun tìkára rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Bí a bá ti ń kà á lọ, ẹ jẹ́ kí a máa ka iye ọwọ́.

1. ILÉ TÍ A BÍ I SÍ

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1937 ni a bí ọmọ yìí ní ìlú Piotrków Trybunalski ní ilẹ̀ Pólándì. Bàbá rẹ̀, Moshe Chaim Lau, ni rábì àgbà ìlú náà, èyí ni pé òun ni olùkọ́ Òfin àti olùṣọ́-àgùntàn fún àwọn Júù ibẹ̀. Ìyá rẹ̀, Chaya, ọmọ rábì ni òun náà. Lulek ni wọ́n ń fi kẹ́ ọmọ náà nínú ilé. Bàbá rẹ̀ a máa ka ìran mẹ́tàdínlógójì (37) tí iṣẹ́ rábì ti wà nínú ẹbí wọn láìdáwọ́dúró, ìrètí rẹ̀ sì ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun ni yóò jẹ́ ìkejìdínlógójì.

Ní ọdún 1937 yìí kan náà ni ìjọba Hitler ní Jámánì ṣí àgọ́ ìfìyàjẹni kan tí a ń pè ní Buchenwald, nítòsí ìlú Weimar. Nígbà tí ìyá kan ń gbọ́mọ pọ̀n ní Pólándì, àwọn kan ti ń fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ibi tí a óò há ọmọ náà mọ́ ká ní ilẹ̀ mìíràn. Ìyá kò mọ̀. Bí Fáráò ti máa ń ṣe nìyẹn: a máa múra sílẹ̀ de ọmọ kí ọmọ tó mọ̀ pé ọ̀tá wà láyé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1933 ni Hitler gba ìjọba. Òun àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, àwọn Násì, kọ́ àwọn ènìyàn pé àwọn Júù ni ó fa gbogbo ìṣòro Jámánì. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939 wọ́n gbógun wọ Pólándì. Lulek jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n kó gbogbo Júù ìlú Piotrków sí àdúgbò kan ṣoṣo, wọ́n sì há wọn mọ́ ibẹ̀. Àdúgbò àhámọ́ yìí ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pólándì.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, wọ́n kó èyí tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún (20,000) lọ nínú wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Treblinka. Treblinka kì í ṣe àgọ́ iṣẹ́. Ibùdó ìpànìyàn ni. Gáàsì olóró ni wọ́n fi ń pa ènìyàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ni kò sì lo ọjọ́ kan tán níbẹ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n. Bàbá Lulek lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn ìjọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Lulek náà lọ. Wọn kò padà.

Kí bàbá tó lọ, ó pe Naphtali, ọmọ rẹ̀ tí ó fi ọdún mọ́kànlá ju Lulek lọ, ó sì fi àbúrò lé e lọ́wọ́. Ó ní kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà ṣègbé, kí ó sì mú un dé Ilẹ̀ Ìlérí, kí okùn tí ó ti wà láti ìran mẹ́tàdínlógójì má baà já. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni a gbé ẹrù yìí lé lórí.

2. ÌYÁ TÍ Ó TI ỌMỌ RẸ̀ KÚRÒ LỌ́DỌ̀ ARA RẸ̀

Fún ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ìyá ni ó ń pa Lulek mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń wá ènìyàn kiri láti ilé dé ilé, ó gbé ọmọ náà lọ sí ibi ìsápamọ́sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tọ́ ọmọ kékeré rí mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè ní kí ó dákẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Chaya ti mọ èyí ṣáájú. Ó ti ṣe ìpanu olóyin dání, ó sì ń fi í sí ọmọ lẹ́nu, kí ẹnu rẹ̀ má baà ṣófo tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n ìyá! Jókébẹ́dì fi ọ̀dà dí agbọ̀n kí omi má baà wọlé. Chaya fi oyin dí ẹnu ọmọ rẹ̀ kí ohùn má baà jáde.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ dé tí kò lè pa á mọ́ mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944, wọ́n kó àwọn Júù tí ó kù ní Piotrków lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí pín wọn: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin àti ọmọdé lọ́tọ̀. Lulek di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún méje ni. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ààyè rẹ̀. Naphtali, tí ó ti pé ọdún méjìdínlógún, wà láàrin àwọn ọkùnrin.

Ìyá náà wo apá méjèèjì. Ó rò ó pé àwọn ọkùnrin tí ó lágbára ni àwọn Násì ṣì nílò fún iṣẹ́, nítorí náà wọ́n lè dá wọn sí díẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin àti ọmọdé, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ó ti ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Naphtali. Ó ní kí ó gbà á. Ó kí àwọn méjèèjì pé ó dìgbà.

Lulek kò yé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìyá òun ti òun dànù. Inú bí i, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ kékeré rẹ̀ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kí ó dá òun padà sọ́dọ̀ ìyá òun. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ó tó yé e pé ìyá tí ó ti òun kúrò lọ́jọ́ náà ni ó bí òun lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbé Chaya Lau lọ sí àgọ́ àwọn obìnrin tí ń jẹ́ Ravensbrück ní Jámánì. Ibẹ̀ ni ó kú sí. Kò mọ̀ títí ó fi kú bóyá ohun tí òun ṣe já sí rere.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. A máa ń yin ìyá tí ó di ọmọ rẹ̀ mú pinpin tí kò jẹ́ kí ó bọ́. Ó yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kan wà tí ó ju dídìmú lọ: ìfẹ́ tí ó lè tú ọwọ́ sílẹ̀ nígbà tí títú ọwọ́ sílẹ̀ bá jẹ́ ìyè fún ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn ìyá ni yóò ya. Jókébẹ́dì rí ọmọ tirẹ̀ gbà padà láti tọ́. Chaya kò rí i gbà. Ìfẹ́ kan náà ni wọ́n ní; èrè ayé wọn ni kò rí bákan náà.

3. Ẹ̀GBỌ́N TÍ Ó GBÉ E SÍNÚ ÀPÒ

Wọ́n kó Naphtali àti Lulek lọ sí àgọ́ iṣẹ́ ní Częstochowa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1945, bí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti ń sún mọ́ tòsí, àwọn Násì tún kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di Buchenwald. Òtútù ńlá ni, ebi sì ń pa wọ́n. Ọmọ tí kò lè ṣiṣẹ́ kò wúlò fún àwọn tí ó ni àgọ́ náà. Bí wọ́n bá rí i, ikú ni. Naphtali wá nǹkan ṣe: ó gbé àbúrò rẹ̀ sínú àpò, ó gbé àpò náà kọ́ ẹ̀yìn bí ẹrù, ó sì gbé e wọ Buchenwald. Àgọ́ tí wọ́n ṣí ní ọdún tí a bí ọmọ náà ni ọmọ náà wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nínú àgọ́ náà, Naphtali rí i pé bí Lulek bá dúró láàrin àwọn Júù, kò ní pẹ́ kú, nítorí ibi tí wọ́n kó àwọn Júù sí ni ó burú jù. Ó ṣètò kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ Pólándì tí kì í ṣe Júù, kí ó lè wà ní ilé kẹjọ, níbi tí nǹkan ti sàn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi pínyà. Òun náà ṣe gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ṣe: ó jọ̀wọ́ ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ fún ọwọ́ mìíràn, ó sì dúró lókèèrè bíi Míríámù, ó ń ṣọ́ ọ.

4. ÀJÒJÌ TÍ Ó HUN ÌBOTÍ FÚN UN

Ọwọ́ wo ni ó gbà á? Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan wà ní ilé kẹjọ, Feodor ni orúkọ rẹ̀, ìlú Rostov ni ó ti wá. Ẹlẹ́wọ̀n ni òun náà. Kì í ṣe Júù. Kò bá ọmọ náà tan. Èdè wọn kò pa pọ̀. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó mú ọmọ yìí bí àbúrò. A máa jí ànàmọ́ òyìnbó, a sì fi í se ọbẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n bá ká olè mọ́ lọ́wọ́ ní Buchenwald lè fi orí rẹ̀ dí i.

Ní àràárọ̀, gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ni ó gbọ́dọ̀ jáde dúró fún kíkà, nínú yìnyín àti afẹ́fẹ́ òtútù, fún wákàtí púpọ̀. Feodor rí i pé etí ọmọ náà lè kú. Ó mú aṣọ olówùú òkú ẹlẹ́wọ̀n kan, ó tú òwú rẹ̀, ó sì fi òwú náà hun ìbotí fún Lulek. Ẹ̀yin arábìnrin, àwọn tí ó ń hun aṣọ láàrin yín mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré ni láti hun ìbotí. Ṣùgbọ́n rábì àgbà tí ó pàdé ọba àti ààrẹ kò gbàgbé ìbotí yẹn títí ó fi di arúgbó.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń wọ àgọ́ náà, ìbọn ń dún. Feodor sọ ara rẹ̀ lé Lulek lórí nílẹ̀, kí ọta má baà bà á. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù gba ọ̀nà ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni Lulek mọ̀: Feodor, ará Rostov. Ó wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò rí i. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ tí ń yẹ ìwé ilé àkójọ wò rí orúkọ rẹ̀ ní kíkún: Feodor Mikhailichenko. Ṣùgbọ́n ó ti kú láti ọdún 1993. Ní ọdún 2009, ilé ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn Olódodo láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ni ó sì wá gba ọlá náà ní orúkọ rẹ̀. Àwọn tí a ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé náà ju 28,000 lọ. Inú Aísáyà 56:5 ni a ti mú orúkọ Yad Vashem. Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀.

5. ỌJỌ́ ÌDÁǸDÈ

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kànlélógún (21,000) ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn ará Amẹ́ríkà bá láàyè ní Buchenwald, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn ni ọmọdé àti ọ̀dọ́. Àwọn tí ó ti kú níbẹ̀ láti ọdún 1937 tó nǹkan bí 56,000.

Rábì kan wà nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà náà, Herschel Schacter ni orúkọ rẹ̀, àlùfáà àwọn ọmọ ogun. Bí ó ti ń rìn láàrin òkítì òkú, ó rí ojú méjì tí ń wò ó. Ọmọ kan ni, ẹ̀rù ń bà á. Schacter gbé e, ó dì í mọ́ra, ó ń sunkún, ó sì ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín kí ẹ̀rù má baà ba ọmọ náà. Ó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Lulek dáhùn pé òun dàgbà ju ọkùnrin náà lọ. Ó ní ẹ̀rí òun ni pé ọkùnrin náà ṣì lè rẹ́rìn-ín, ó sì lè sunkún bí ọmọdé; òun kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òun kò tilẹ̀ lè sunkún mọ́. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá rí ọmọ tí kì í sunkún. Nígbà mìíràn a ó ní, “Ọmọ yìí gbọ́n, kì í dààmú ẹnikẹ́ni.” Ó lè jẹ́ pé omijé rẹ̀ ni ó ti gbẹ.

6. ILÉ TÍ Ó GBÀ Á

Láti Jámánì, wọ́n kó àwọn ọmọ náà gba ilẹ̀ Faransé, àwọn kan sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù Keje ọdún 1945, Naphtali di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Haifa, ní Palẹ́sítínì tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ó ti mú àṣẹ bàbá rẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì pé ogún ọdún kò lè dá tọ́ ọmọ. Nítorí náà ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀: tọkọtaya kan nínú mọ̀lẹ́bí wọn, Rábì Mordechai Vogelman àti ìyàwó rẹ̀ Bella, gba Lulek sílé wọn ní Kiryat Motzkin, nítòsí Haifa.

Ìtàn kì í sábà dúró lórí irú ilé báyìí. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú irin. Oúnjẹ ni, ibùsùn ni, àti ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí kò tí ì wọ ilé-ìwé rí, tí ó sì mọ ohun tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ mọ̀. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ọ̀nà tí ọwọ́ ìyá tì í sí lọ́jọ́ náà ní ibùdókọ̀, ìdí àwo oúnjẹ ilé yìí ni ó ti parí.

7. OHUN TÍ Ó DÀ LẸ́YÌN NÁÀ

Ọmọ náà kàwé. Ó di rábì bí bàbá rẹ̀: ìran kejìdínlógójì. Ó gbéyàwó ní ọdún 1960, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọ mẹ́jọ. Ó jẹ́ rábì àgbà ìlú Netanya, lẹ́yìn náà ti Tel Aviv. Láti ọdún 1993 títí di ọdún 2003, òun ni rábì àgbà ilẹ̀ Ísírẹ́lì fún àwọn Júù tí ó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù. Ní ọdún 2013, ọmọ rẹ̀ David jókòó sí ipò yìí kan náà, ó sì wà níbẹ̀ di ọdún 2024. Naphtali náà ṣiṣẹ́ fún ìjọba Ísírẹ́lì, ó sì ṣojú rẹ̀ ní New York. Ó kú ní ọdún 2014.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, Rábì Lau pàdé Póòpù John Paul Kejì ní Ítálì. Ọmọ Pólándì ni Póòpù náà. Ó sọ fún Lau pé òun rántí bàbá ìyá rẹ̀ ní ìlú Kraków, bí ó ti máa ń rìn lọ sí sínágọ́gù ní ọjọ́ Sábáàtì tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọ̀nyí ni ogun náà pa.

Ní ọdún 2005 ni Lau gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní èdè Hébérù. Inú Jẹ́nẹ́sísì 22:12 ni ó ti mú àkọlé rẹ̀, níbi tí áńgẹ́lì ti dá Ábúráhámù dúró kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan ọmọ náà. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Orin Dáfídì 130, igbe tí ń ti inú ibú wá, ni a mú àkọlé rẹ̀ láti inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi yan Sáàmù yìí fún àkọ́sórí wa.

8. Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

(a) Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Nígbà tí a bá gbọ́ irú ìtàn báyìí, ó yá wa lára láti sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ náà ni ó fi yọ ọ́. Òótọ́ ni pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Júù tí a pa nínú ìpakúpa náà tó mílíọ̀nù mẹ́fà, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọdé. Ìyá wọn náà gbàdúrà. Ṣé Ọlọ́run kò fẹ́ràn tiwọn ni? Kí á má ṣe fi ẹ̀rí ìgbàlà ẹnìkan sọ ọ̀kò sí ọgbẹ́ ẹlòmíràn. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn kan wà tí ọmọ wọn yè, àwọn kan sì wà tí wọ́n sin ọmọ. Níbi tí a kò bá mọ ìdí, ẹ jẹ́ kí a bá onígbe ké igbe Sáàmù 130, kí a sì dúró de Olúwa pẹ̀lú rẹ̀.

(b) Ẹ jẹ́ kí a gba òtítọ́. Ilẹ̀ tí ìjọ pọ̀ sí ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kó ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú irin ni a ti rì bọmi nígbà ọmọdé. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Hitler, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn Júù láti orí pẹpẹ ìwàásù. Bẹ́ẹ̀ Olúwa wa, ọmọ Júù ni. Òun náà sá fún idà Hẹ́rọ́dù lápá ìyá rẹ̀ (Mátíù 2:13–18). Bí ó bá jẹ́ Piotrków ní ọdún 1942 ni Màríà àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, inú ọkọ̀ ojú irin Treblinka ni wọn ì bá wà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ tí wọ́n ń fi gbogbo ẹ̀yà kan ṣe ọ̀tá, ìbáà ṣe Júù, ìbáà ṣe ẹ̀yà tí ó múlé tì wá, kí obìnrin ìjọ Elétò má ṣe dá sí i, kí ó má sì dákẹ́.

(d) Ẹ jẹ́ kí a ṣe ipa tiwa. Ẹ wo àwọn ọwọ́ tí a ti kà: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àjòjì, àlùfáà àwọn ọmọ ogun, tọkọtaya tí ó gbà á sílé. Ìyá kò rí Buchenwald. Feodor kò mọ Kiryat Motzkin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rí ìparí ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù gba ọmọ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, ó gbé e dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì fi í lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kọ̀, ọmọ náà ti lọ nìyẹn. Olúwa kò ní bi wá léèrè, nínú Mátíù 25, bóyá a fòpin sí ìyà gbogbo ayé. Yóò bi wá léèrè ẹni tí ebi ń pa tí ó wà níwájú wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó jọra nínú ohun tí Jókébẹ́dì ṣe àti ohun tí ìyá Lulek ṣe? Kí ni kò jọra?

2. Lulek rò pé ìyá òun kọ òun sílẹ̀. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí òbí rẹ ṣe tí ó dùn ọ́ nígbà èwe, ṣùgbọ́n tí ó yé ọ nígbà tí ìwọ náà di òbí?

3. Kí ni ó lè mú kí ẹni tí ebi ń pa fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ní oúnjẹ?

4. Báwo ni a ṣe lè tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú, láìsọ ohun tí a kò mọ̀?

5. Irú ọ̀rọ̀ wo ni a ń sọ nípa àwọn ẹ̀yà mìíràn lójú àwọn ọmọ wa?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wo àyíká rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ta ni ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan nítorí pé òbí rẹ̀ ti kú tàbí pé apá wọn kò ká a? Ta ni ọmọ-ọ̀dọ̀ tí kò lọ sí ilé-ìwé? Kí á má ṣe jíròrò rẹ̀ lásán. Kí arábìnrin kan gba ohun kan ṣe fún ọmọ kan: ìwé, aṣọ òtútù, owó ilé-ìwé, tàbí kí ó kàn máa pe orúkọ rẹ̀ kí ó sì béèrè bí ó ti jí. Ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàrin wa, kí ẹgbẹ́ bẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òun náà ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ìbotí kì í ṣe nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n etí ọmọ kò kú.

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, Bàbá Olúwa wa Jésù Kírísítì, láti inú ibú ni àwa náà fi ń ké pè ọ́. A rántí níwájú rẹ àwọn ọmọ tí ọwọ́ ènìyàn kò dé ọ̀dọ̀ wọn lákòókò. A dúpẹ́ fún ìyá tí ó jọ̀wọ́, fún ẹ̀gbọ́n tí ó rù, fún àjòjì tí ó hun, àti fún ilé tí ó ṣílẹ̀kùn. Dárí ìdákẹ́ wa jì wá. Fún wa ní ojú láti rí ọmọ tí ó kàn wá, kí ọwọ́ wa má ṣe wà ní pípadé nígbà tí a bá na ọmọ náà sí wa. Nípa Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.